Èsì wa sí oníbàárà tí ó ní a ta alùpùpù kékeré fún òun àti ìyàwó òun

A dúpẹ́ pé ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà kì í ṣe ohun tí a lè fi sílẹ̀ láìfèsì, nítorí pé àwọn tọkọtaya mìíràn tí owó wọn kò pọ̀, tí wọ́n sì ń wá alùpùpù àlòkù tí yóò gbé àwọn méjèèjì rin ọ̀nà jíjìn, yóò kà á, wọn yóò sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á gbọ́ tiwa náà.

Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ fún wa nínú márùn-ún. Ẹ ní a di alùpùpù kékeré tí a ń wá ẹni tí yóò rà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ ní ìdí rẹ̀ rì nígbà tí ẹ ń lọ sí àríwá Skọ́tlándì, tí iná iwájú rẹ̀ ń tàn sójú ọ̀run, tí orúnkún sì ń dun ìyàwó yín. Ẹ ní ṣéènì rẹ̀ ti gbó kí a tó tà á, àti pé a fi pamọ́ fún yín pé ó ti ṣubú rí. Lórí gbogbo rẹ̀, ẹ ní ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá yín lóhùn rí ìyàwó yín fín, nítorí pé ó bi í bí ó ṣe wúwo tó. Ẹ̀sùn ìkẹyìn yìí ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé òun ni ó dùn mí jù, òun náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù dá lé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti wà lọ́dọ̀ wa láti 2016. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, tí ẹ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí yín bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kí àgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù níbí ni wọ́n bí i sí. Ó fún ìyàwó yín ní àga, ó sì ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mọ́mì, ẹ má bínú, mo ní láti mọ ìwọ̀n yín àti ti dádì kí n tó lè sọ èyí tí yóò gbé yín.” Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ọ. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí ó máa béèrè, n kò sì ní sọ fún un láéláé pé kí ó má béèrè mọ́, nítorí pé a kì í ta alùpùpù fún ẹni méjì nílé ìtajà wa láìmọ ìwọ̀n ẹni méjì. N kò ní kọ nọ́ńbà tí ìyàwó yín sọ síhìn-ín, nítorí pé ohun tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wẹ́rẹ́ ni ó sọ ọ́. Ẹ̀yin ni ẹ dín ti yín kù, tí ẹ sì tún un sọ nígbà tí ó wò yín lójú.

Ìdí tí a fi ń béèrè nìyí. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe alùpùpù kọ̀ọ̀kan ti yan ìwọ̀n àpapọ̀ kan tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí ẹ bá yọ ìwọ̀n alùpùpù náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú epo tí ó kún inú rẹ̀, kúrò nínú àpapọ̀ yẹn, èyí tí ó ṣẹ́kù ni àyè tí ó wà fún ara ẹ̀yin méjèèjì, aṣọ ìgùn yín, akoto yín, àpótí yín àti gbogbo ohun tí ẹ kó sínú wọn. Suzuki V-Strom 650 ti 2013 tí ẹ rà wúwo tó 214 kílò pẹ̀lú epo, àyè ẹrù rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 200 kílò. BMW R1200GS, tí ẹ kọ pé a kò jẹ́ kí ẹ rà, wúwo tó 229 kílò nínú èyí tí wọ́n ṣe láti 2008 títí di 2012, ìwọ̀n àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 440, èyí tí ó fi àyè 211 kílò sílẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dákun, ẹ tún un kà. Ẹ́ńjìnì ọ̀kan tóbi tó 645 cc, èkejì tóbi tó 1170 cc, síbẹ̀ ohun tí ńlá fi ju kékeré lọ nínú ẹrù gbígbé jẹ́ nǹkan bí kílò mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnì ńlá máa ń mú kí gígun òkè rọrùn, ó sì máa ń mú kí ènìyàn lè ya ọkọ̀ ẹrù sílẹ̀ láìfòyà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń ru ẹrù. Sípíríǹgì, ṣọ́kì, férémù àti táyà ni wọ́n ń rù ú.

Ẹ jẹ́ kí a fi tọkọtaya kan tí kì í ṣe ẹ̀yin ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkọ jẹ́ 90 kílò, tí ìyàwó jẹ́ 75: ó di 165. Akoto, jákẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, bàtà àti ìbọ̀wọ́ lè tó kílò mẹ́jọ lára ẹnì kọ̀ọ̀kan: ó di 181. Àpótí mẹ́ta pẹ̀lú irin tí a fi so wọ́n mọ́ ara alùpùpù, láìtíì fi ohunkóhun sínú wọn, lè tó 18: ó di 199. Wọn kò tíì ki súwẹ́tà kan ṣoṣo sínú àpótí, àyè sì ti tán. Bí ó ti máa ń rí fún ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ara wọn dá ṣáṣá nìyẹn, ohun náà ni a sì ṣe ń sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n lo àpótí oníke tí ó fúyẹ́ dípò ti alumíníọ̀mù, kí wọ́n sì sùn sí ilé àlejò dípò kí wọ́n ru àgọ́.

Ẹ wá wo àwòrán tí ẹ̀yin fúnra yín fi sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yín. Àpótí mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, alumíníọ̀mù sì ni gbogbo wọn, tí ẹ rà níbòmíràn. Lórí àpótí ẹ̀yìn ni ẹ di àgọ́ mọ́, àga kíká méjì wà lórí àgọ́, kúlà sì wà lórí àga. Àpótí ẹ̀yìn kì í sábà gbà ju kílò mẹ́wàá lọ, nọ́ńbà yẹn sì máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ̀yìn ibi tí táyà ẹ̀yìn ti kan ilẹ̀ ni ó yọ sí, nítorí náà ohun tí ẹ bá kó lé e yóò fa ìdí alùpùpù wálẹ̀, yóò sì gbé iwájú rẹ̀ sókè, bí ìgbà tí ènìyàn di ẹrù sí ìkángun pákó tí ó dábùú òkúta. Bí iwájú bá ti fúyẹ́, iná yóò wo ojú ọ̀run, ọwọ́ ìdarí yóò sì máa gbọ̀n bí eré bá pọ̀. Ohun tí ẹ kọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an nìyẹn, BMW tí ẹ fẹ́ náà yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ẹrù kan náà.

Ó ṣeé dín kù, a sì fi bí ẹ ó ti ṣe é hàn yín. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta tí ẹ wá gbé e, ọ̀gá mẹkáníìkì wa, tí ó tún jẹ́ ọkọ mi, bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù náà, ó sì fi ọwọ́ yí ohun tí ń mú sípíríǹgì ẹ̀yìn le. Kò nílò sípánà rárá. Ó ní kí ẹ máa mú un le nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbé ìyàwó yín, kí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ kún táyà ẹ̀yìn dé nọ́ńbà tí ìwé rẹ̀ kọ fún ẹni méjì, tí ó ga ju ti ẹnì kan lọ. Ìyàwó yín fi fóònù ká ohùn àti ìṣe rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ pè wá ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, tí ọkọ mi bi yín bóyá ẹ yí i kí ẹ tó kúrò nílé, ìdáhùn yín ni pé ẹ rò pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ owó kàn. £4,500 ni ẹ mú wá, ẹ sì sọ pé kò sí kọ́bọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni alùpùpù, aṣọ ìgùn ẹni méjì, akoto méjì, àpótí àti ìṣúránsì ti gbọ́dọ̀ jáde. R1200GS tí ẹ ń fi ìka tọ́ jẹ́ ti 2006, £4,300 ni owó rẹ̀, ó sì ti rìn ju 60,000 máìlì lọ. Ẹ̀rọ rere ni fún ẹni tí ó ní owó ìtọ́jú. Kò lo ṣéènì, ọ̀pá irin ni ó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé bẹ́árìnì inú gíá ẹ̀yìn wọn àti ẹ̀rọ kékeré tí ń darí pọ́ǹpù epo wọn ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé owó gíá ẹ̀yìn kì í ṣe owó yẹpẹrẹ. Ẹni tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tún gbọ́dọ̀ ro ti ULEZ, ìyẹn agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ti ń san owó, tí ó ti gba gbogbo ìlú náà láti oṣù Kẹjọ 2023: alùpùpù tí kò bá dé ìwọ̀n èéfín tí wọ́n ń pè ní Euro 3, tí ó sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú oṣù Keje 2007, yóò máa san £12.50 ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá jáde. Ká tilẹ̀ ní kò sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, £200 tí ìbá kù lọ́wọ́ yín kò lè ra akoto gidi méjì. A mú yín dé ọ̀dọ̀ Honda Varadero pẹ̀lú, ẹ́ńjìnì 996 cc, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú tí ó sì rọ ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín kò lè tì í jáde láàárín àwọn yòókù, ẹ sì ní kí á fi sílẹ̀. V-Strom tí a tà fún yín ní £3,450 ní ABS, ìyẹn bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, ó ti rin 28,000 máìlì, ó sì fi £1,050 sílẹ̀ lápò yín. Bí ẹ bá fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ra àpótí alumíníọ̀mù, kì í ṣe àwa ni a rán yín.

Nípa ṣéènì, tuntun ni a fi sí i ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ gbé e, ó wà nínú rìsíìtì yín. Ìwé rẹ̀ ní kí a máa nu ún, kí a sì máa fi òróró sí i ní gbogbo 600 máìlì. Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Inverness nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, North Coast 500, ọ̀nà tí ó yí àríwá Skọ́tlándì ká, tí ẹ gùn yípo lẹ́yìn náà tún jẹ́ 516 máìlì, pẹ̀lú ẹrù tí ó kọjá ààlà, nínú òjò, títí dé orí Bealach na Bà, ọ̀nà orí òkè tí ó ga tó mítà 626. Ẹ kò kọ ọ́ síbì kankan pé ẹ fi òróró sí i. Ní ti pé ó ti ṣubú rí, àwòrán ibi tí irin ààbò ẹ̀gbẹ́ òsì ti ha wà nínú ìpolówó wa, a sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ buwọ́ lù. Ìtàn MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin béèrè, ti alùpùpù kọ̀ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Iwájú yín ni a ti tẹ ti èyí.

Orúnkún ìyàwó yín nìkan ni mo bá yín kẹ́dùn lé lórí, nítorí pé ẹ̀yìn ọkọ mi ni èmi náà máa ń jókòó, mo sì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò mú ọwọ́ ìdarí. Àlàfo tí ó wà láàárín síìtì àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ni ó ń pinnu rẹ̀. Bí síìtì bá súnmọ́ ibi ìgbẹ́sẹ̀lé jù, orúnkún yóò ká jù, kò sì sí ẹ́ńjìnì tí ó lè tún un ṣe. Epo inú V-Strom lè gbé ènìyàn kọjá 200 máìlì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ dúró de epo kí ó tó sọ̀kalẹ̀ na ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ìyàwó yín bi mí bóyá a lè fi síìtì tí ó ga díẹ̀ sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì sọ iye rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ dáhùn pé èyí tí ó wà lórí rẹ̀ ti tó.

Ohun tí a lè ṣe nìyí. Òfin Consumer Rights Act ti 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tí ó lábùkù padà, lẹ́yìn ìyẹn ó fún olùtajà ní àyè kan láti tún un ṣe. Ẹ kò lo ọjọ́ 30 náà, ẹ kò sì gbé e wá fún àtúnṣe, mẹkáníìkì mìíràn ni ẹ lọ bá. Pẹ̀lú rẹ̀ náà, bí ẹ bá gbé e wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ èyíkéyìí kí oṣù Keje tó parí, a ó pààrọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn sí èyí tí ó le tó ìwọ̀n ẹni méjì, ẹ ó san owó sípíríǹgì, a kò ní gba owó iṣẹ́. Síìtì tí ó ga náà, ọ̀fẹ́ ni, láti ọ̀dọ̀ mi sí ìyàwó yín. Kí ẹ kó àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá pẹ̀lú ohun tí ẹ kó sínú wọn lọ sí Skọ́tlándì, kí á wọ̀n wọ́n lójú yín. Kí ìyàwó yín sì bá yín wá, nítorí pé síìtì náà kò ní kúrò nílé ìtajà títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi jókòó lé e, tí yóò sì sọ bóyá ó tẹ́ òun lọ́rùn. Òun ni a ó bi ní ọjọ́ náà, a kò ní bi ẹ̀yin.