Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ náà lè tán lókun

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín in kiri pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní àìsàn ni kí iṣẹ́ tán ni lókun (burnout), àti pé kì í mú ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àjọ náà ṣàlàyé pé inú ICD-11, ìwé tí àwọn fi ń to àìsàn àti ọ̀rọ̀ ìlera lẹ́sẹẹsẹ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ ni àwọn kà á sí. Wọn ò pè é ní àìsàn. Wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ tí kò rójútùú ni wọ́n ní ó ń fà á: okun á tán, ọkàn á kúrò lára iṣẹ́, iṣẹ́ ò sì ní í yọrí mọ́.

Mo mọ nọ́ọ̀sì kan tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ dọ́kàn. Bó bá fẹ́ gún ọmọdé lábẹ́rẹ́, á kọ́kọ́ kọrin fún un, á máa fọwọ́ pa á lápá títí ara ọmọ á fi rọ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ japa tán, tó ku òun nìkan ní wọ́ọ̀dù lóru, orin dáwọ́ dúró. Ṣé ìfẹ́ ló tán ni? Rárá o. Èèyàn ni ò tó.

Kí iṣẹ́ dùn mọ́ ni ṣe pàtàkì gan-an. Àmọ́ ẹ má sọ fún ẹni tó ti rẹ̀ pé kò nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ni kí ẹ bi ní iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ náà fi ń ṣiṣẹ́, àti ìgbà tó gba ìsinmi kẹ́yìn.