Mílíìkì kò lè fọ èéfín síǹkì kúrò lára yín

Ẹni tó bá ti dúró ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà l'Ékòó rí á ti gbọ́ ọ: "Tóo bá jó gálífánáìsì tán, mu mílíìkì. Á fọ èéfín yẹn dànù." (Gálífánáìsì ni irin tí wọ́n fi síǹkì bò.) Èmi náà gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tí mo ra ẹ̀rọ ìjórin kékeré sẹ́yìnkùlé wa ní Bàrígà. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un títí dòní, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́.

Mo ra páìpù gálífánáìsì ní Owódé Onírin, mo fẹ́ fi ṣe ìdúró táǹkì omi. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ni mo bá wọ inú yàrá iṣẹ́ mi lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Èéfín funfun bo gbogbo ibẹ̀, nǹkan bí òwú ń fò kiri. Bí mo ṣe parí, mo da mílíìkì alágolo kan mu. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀fun mi ti gbẹ, ẹnu mi ń ta bí ẹni lá irin, òtútù sì mú mi débi pé kúbùsù méjì kò tó mi nínú ooru Èkó. Ìyàwó mi ní ibà ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ara mi ti yá. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣóo rí i? Mílíìkì ti ṣiṣẹ́."

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà ti ń rí ẹsẹ̀ dúró. Àìsàn yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní metal fume fever (ibà èéfín irin), máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bíi wákàtí 4 sí 12 lẹ́yìn téèyàn ti fa èéfín náà símú, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹni tó mu mílíìkì á gbádùn, ẹni tó mu gààrí á gbádùn, ẹni tí kò mu nǹkan kan náà á gbádùn. Ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Bí mílíìkì bá ṣèèṣì yà sí ọ̀nà èémí, ikọ́ ló máa fà, kò ní fọ nǹkan kan.

Síǹkì máa ń hó ní 907°C, bẹ́ẹ̀ irin kì í yọ́ títí á fi tó nǹkan bí 1,500°C. Kí irin yín tó yọ́, síǹkì ti di èéfín lójú yín.

Àwọn àgbà iṣẹ́ á ní kò ṣe àwọn rí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, torí ara ẹni tó ń fà á símú lójoojúmọ́ máa ń mọ́ ọn díẹ̀. Tó bá sinmi ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ibà náà á tún padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àwọn tó ń yọ́ idẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ èyí láti bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, torí síǹkì wà nínú idẹ. Àmọ́ pé ibà kò mú yín kò ní kí ẹ̀dọ̀fóró yín mọ́. Ní 2017, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ka èéfín ìjórin mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, irin dúdú, tí kò ní síǹkì lára, ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ, pẹ̀lú rọ́ọ̀dù gauge 12. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ jó gálífánáìsì, ẹ fi máṣíìnì fá síǹkì kúrò ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́tùn-ún lósì ojú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ jó. Tinú páìpù kò ṣeé fá, nítorí náà ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín, ọwọ́ iwájú yín ni èéfín á máa yí po sí. Ẹ má tẹrí sórí èéfín. Áńkáṣíìfù kò lè dá a dúró; ìbomú N95 tí gbogbo wa mọ̀ nígbà Kòrónà ni kẹ́ ẹ wọ̀ sábẹ́ ìbòjú ìjórin yín, kẹ́ ẹ sì wọ̀ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fá síǹkì pẹ̀lú.

Bí ara kò bá yá lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tàbí tí àyà ń fún yín, tí èémí ń há, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé gálífánáìsì lẹ jó, torí bẹ́ ẹ bá dákẹ́, ibà ẹ̀fọn ló máa kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe yín.