Irọ́ ni pé Nona Gaprindashvili kò bá ọkùnrin ta ṣẹ́ẹ̀sì rí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni Nona Gaprindashvili ń bá ta ṣẹ́ẹ̀sì. Èrò yìí gbilẹ̀ gan-an ní ọdún 2020, nígbà tí eré The Queen's Gambit tí Netflix gbé jáde sọ pé ajagunmólú àwọn obìnrin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kojú ọkùnrin rí. Ọdún 1968 ni ìran yẹn dá lé lórí. Bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí Gaprindashvili fi pe Netflix lẹ́jọ́ lẹ́yìn náà ṣe là á sílẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ti bá ta ayò títí di ọdún náà kò dín ní 59, ó kéré tán Grandmaster (oyè tó ga jù lọ nínú ṣẹ́ẹ̀sì) mẹ́wàá sì wà lára wọn.

Zugdidi ní orílẹ̀-èdè Georgia ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1941. Ní 1962 ó gba adé àgbáyé àwọn obìnrin lọ́wọ́ Elisaveta Bykova, kò sì sọ ọ́ nù títí di 1978. Mo rò pé adé yìí gan-an ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, nítorí ẹni tó bá gbọ́ pé àwọn obìnrin ní adé tiwọn yóò rò pé wọn kì í kúrò nídìí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: adé náà kò dí wọn lọ́wọ́ láti wọ ìdíje tí àwọn ọkùnrin wà. Gaprindashvili fúnra rẹ̀ borí nínú ìpele Challengers, èyí tó tẹ̀ lé ìpele òkè pátápátá, nínú ìdíje Hastings, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1963 sí 1964.

Èyí tó tóbi jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Lone Pine, ní Kalifọ́níà, ní 1977, níbi tí òun, Yuri Balashov, Oscar Panno àti Dragutin Šahović ti jọ pín ipò kìíní. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni FIDE, àjọ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, fún un ní oyè Grandmaster, oyè kan náà tí àwọn ọkùnrin ń gbà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á. Àwọn tó ń sọ pé Judit Polgár, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Hungary tó gbajúmọ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ló kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà yìí yẹ kí wọ́n rántí pé Polgár kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà ìdíje Lone Pine.

Ní 2021, Gaprindashvili pe Netflix lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Adájọ́ kò gbà pé nítorí pé ìtàn àròsọ ni eré náà, ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹ̀sùn irọ́ kàn án. Ní 2022, tọ̀tún tòsì yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn.