Pákó tí wọ́n sun lójú ṣì ń jóná, ó sì ń jẹrà

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Kí ẹnìkan ṣáà ti gbé àwòrán ilé onípákó dúdú kan ní Jàpáànù jáde, ẹlòmíì á ti sáré wọlé: "Wọ́n ti fi iná sun ún tẹ́lẹ̀, kò lè jóná mọ́ láé. Ikán ò lè jẹ ẹ́, kò sì lè jẹrà." Èédú tí ẹ fi ń sun bọ̀ọ̀lì ńkọ́, ṣé kì í jó ni?

Yakisugi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Sugi lorúkọ igi náà. ("Shou sugi ban" tí àwọn oníṣòwò ń pè é, àṣìkà lẹ́tà Jàpáànù ni.) Wọ́n á di pákó mẹ́ta pọ̀ bí ihò onígun mẹ́ta, wọ́n á nà án ró, wọ́n á ki bébà sí ìdí rẹ̀, wọ́n á ṣáná sí i. Atẹ́gùn á fa iná náà gòkè bíi ti ṣímínì. Láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 7, wọ́n á tú u, wọ́n á sì da omi lé e kíákíá. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, á jó di eérú. Bí kò bá lè jóná mọ́, kí wá ni omi ń wá níbẹ̀?

Èédú ojú rẹ̀, bó bá nípọn dáadáa, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Bí iná bá mú ilé, nǹkan bíi mìlímítà 0.65 lára irú igi bẹ́ẹ̀ ló ń di èédú níṣẹ́jú kan. Iye tí Eurocode 5, ìlànà ìkọ́lé Yúróòpù, fi ń ṣírò nìyẹn. Ẹ bá mi ṣe é: èyí tí ẹ fi owó ra, iná á fi ìṣẹ́jú tí kò tó 5 ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Òpó ńlá lè fi èédú ojú rẹ̀ bo ara, torí igi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Pákó ògiri tí kò nípọn ju mìlímítà 15 lọ, tí ẹ tún ti jó 3 kúrò lára rẹ̀, kí ló fẹ́ fi bo ara? Ní 2021, àwọn olùwádìí Forest Products Laboratory ti ìjọba Amẹ́ríkà dán irú pákó yìí wò. Sísun tí wọ́n sun ún kò ràn án lọ́wọ́ níwájú iná, kò sì gbà á lọ́wọ́ ìjẹrà.

Lóòótọ́, ikán kì í jẹ èédú. Ta ló wá sọ pé iwájú ló ń gbà wọlé? Ẹ̀yìn pákó kò jóná, ibi tí ayùn gé wà ní funfun, ìṣó ti lu ú, èédú náà sì máa ń sán bí awọ ọ̀nì. Ikán àti omi á gba ibẹ̀ wọlé. Ti àwọn tó ń fi iná gáàsì jó ojú pákó ló tún burú jù: èédú rẹ̀ kì í sábà tó mìlímítà 1, bí wọ́n bá sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ọ́ tán, àwọ̀ lásán ló kù.

Àwọn ilé àtijọ́ onípákó sísun ní Okayama àti Naoshima, ní Jàpáànù, tí wọ́n ṣì dúró ńkọ́? Etí òrùlé wọn yọ síta, pákó wọn kò kanlẹ̀, atẹ́gùn sì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Mo gbà pé èédú ń gba oòrùn àti òjò sára fún igi. Ó tán.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kàn án, ẹ fi òróró apakòkòrò kun gbogbo ibi tí ayùn gé, ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ má sì kàn án sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń dáná.