Ta Ló Sọ Pé Òyìnbó Nìkan Ló Ń Gbé Ìlú Kéékèèké Amẹ́ríkà? Ẹ Wo Storm Lake

Bí ẹnì kan bá sọ fún mọ̀lẹ́bí nílé pé òun ríṣẹ́ sí ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Iowa, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ wí ni pé, "Háà, àárín òyìnbó pọ́ńbélé lò ń lọ yẹn o; o ò ní í rí ẹni dúdú kan ṣoṣo kí." Ìgbàgbọ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa, pé New York, Houston àti Chicago ni onírúurú ẹ̀yà kóra jọ sí, àti pé bí ènìyàn bá ti wọ àárín oko àgbàdo, òyìnbó nìkan ló kù níbẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi gbà á gbọ́: nínú ìkànìyàn ọdún 2020, bí 84 nínú ọgọ́rùn-ún ará Iowa ló pe ara wọn ní aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ òtítọ́ nípa ìpínlẹ̀ kan lódindi lè jẹ́ irọ́ gbuu nípa ìlú kan nínú rẹ̀, ìlú tí mo sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí ni Storm Lake, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Iowa.

Ènìyàn 11,269 ni wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2020. Lójú ẹni tó ti gbé Ìbàdàn rí, àdúgbò kan lásán nìyẹn. Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú ìkànìyàn 2010 ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ kà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú, bí 62 jẹ́ aláwọ̀ funfun, bí 20 wà lábẹ́ "ẹ̀yà mìíràn", bí 10 jẹ́ ará Éṣíà, 4 jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn ìyókù kò sì tó nǹkan. Lẹ́yìn èyí, nísàlẹ̀, wọ́n tún kọ ọ́ pé 36 jẹ́ Hispanic, ìyẹn àwọn tí ìdílé wọn ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì. Ẹni tó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ yóò rí i pé ó lé ní 130 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò sì rò pé àwọn akọ̀wé ìjọba kò mọ ìṣirò.

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Láti ìkànìyàn 1980 ni wọ́n ti ń bi gbogbo ilé ní ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan ń béèrè bóyá ènìyàn jẹ́ Hispanic, èkejì ń béèrè ẹ̀yà rẹ̀. Ọkùnrin tó wá láti Jalisco ní Mẹ́síkò lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí àkọ́kọ́, kó sì fàlà sí "aláwọ̀ funfun" tàbí "ẹ̀yà mìíràn" ní èkejì. Nítorí náà, àwọn 62 tí àwa ń kà sí òyìnbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi èdè Sípéènì kí ìyá wọn láàárọ̀. Bí a bá yọ 36 yẹn kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, tí a sì tún yọ àwọn ará Éṣíà àti àwọn aláwọ̀ dúdú, ohun tó kù fún òyìnbó tí mọ̀lẹ́bí ń fọkàn rò kò ju bí ìdajì ìlú lọ, ìkànìyàn 2010 la sì ń sọ yìí.

Kí n fi kún un pé "aláwọ̀ funfun" inú fọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú "òyìnbó" ẹnu wa. Nínú fọ́ọ̀mù 2020, ará Lẹ́bánónì àti ará Íjíbítì wà lára àpẹẹrẹ tí wọ́n kọ sábẹ́ aláwọ̀ funfun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọmọ Nàìjíríà sábẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìjọba pinnu láti sọ ìbéèrè méjèèjì di ọ̀kan, kí àwọn ará Àárín Ìlà-Oòrùn àti Àríwá Áfíríkà sì ní àyè tiwọn. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Báwo wá ni ìlú inú oko àgbàdo ṣe dà báyìí? Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ ìpẹran Hygrade, tó ń san owó gidi fún àwọn ọmọ ìlú, kógbá sílé lọ́dún 1981. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ IBP ṣí ibẹ̀ padà, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tó ń san kéré sí ti àtijọ́. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ: inú òtútù ni ènìyàn yóò dúró sí pẹ̀lú ọ̀bẹ, ẹran yóò máa kọjá níwájú rẹ̀, ibì kan náà ni yóò sì máa gé lára ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òwúrọ̀ títí apá yóò fi máa ro ó. Àwọn ẹ̀yà Tai Dam, tí ogun lé láti Vietnam dé Laos kí wọ́n tó sá wọ Thailand, wà lára àwọn tó gba iṣẹ́ yìí. Gómìnà Robert Ray ló ti gbà wọ́n sí Iowa lọ́dún 1975. Àwọn ará Mẹ́síkò tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà àwọn ará Sùdáánì, àti àwọn ará erékùṣù Micronesia tí àdéhùn ọdún 1986 fún láyè láti gbé Amẹ́ríkà kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba físà. Ilé iṣẹ́ ẹran ńlá kan, Tyson, ló ra IBP lọ́dún 2001, iṣẹ́ sì ń lọ.

Àwọn kan gbà pé ìlú bẹ́ẹ̀ yí àwọ̀ padà nítorí pé àlejò wá lé onílé jáde. Ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ náà mu, nítorí pé ilé iṣẹ́ ti kọ́kọ́ tì, owó iṣẹ́ sì ti já wálẹ̀, kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àlejò tó dé. Ní àwọn ọdún 1980 yẹn kan náà, gbèsè ń gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Iowa, àwọn ọ̀dọ́ sì ń kó lọ sí ìlú ńlá. Ọ̀pọ̀ ìgbèríko Iowa ló ń dín kù títí di òní, ṣùgbọ́n Storm Lake kúrò ní 8,769 lọ́dún 1990, ó di 10,076 lọ́dún 2000, ó sì tún ń gòkè.

Ní ti ẹni dúdú tí mọ̀lẹ́bí ní a kò ní í rí kí, 4 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú tó ní 10,600 ènìyàn lọ́dún 2010 lé ní irinwó.