Ìtàkùn Ọ̀fẹ́ Tó Ba Ebè Mi Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Ebè ọ̀dùnkún mẹ́rìndínlógún ni mo kọ sẹ́yìn ilé wa ní Ọbáńtokò, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ pé bí ọkọ́ bá balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti kan òkúta. Láàárọ̀ àná ni mo wà wọ́n. Gbogbo ohun tí mo rí kò kún abọ́ tí mo fi ń bu gàrí. Èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀ ò ju àtàǹpàkò mi lọ!

Láti oṣù àkọ́kọ́ ló ti ń ṣe bákan. Ewé tó yẹ kó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tín-ín-rín bí okùn bàtà, ó ń ká jọ, iṣan rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Ìtàkùn kọ̀, kò nà. Ìyá onílé wa ní ayé ló ṣe é.

Mo di ewé sínú ọ̀rá, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta oògùn oko. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò tiẹ̀ tú ọ̀rá wò. "Màmá, kòkòrò ni. Ẹ lọ fín èyí." Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà. Mo fín in, kò gbọ́. Mo padà lọ, ó ní ilẹ̀ mi ni ò lágbára, kí n ra ajílẹ̀. Mo sì rà á! Ẹ ò rí ayé mi?

Ọmọ aládùúgbò wa tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì ọ̀nà Aláàbàtà ló là mí lójú. Ó yí ewé kan sódì, nǹkan funfun wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun bá fò dìde. Ó ní eṣinṣin funfun nìyẹn, òun náà ló ń kó àrùn ràn ẹ̀gẹ́. Ó ní ó jọ fáírọ́ọ̀sì, pé méjì ló sábà máa ń pàdé: ọ̀kan, eṣinṣin yìí ló ń gbé e, ìkejì, kòkòrò kékeré tó ń fa omi ara ewé mu ló ń gbé e. Bí ìkejì yìí bá dá wà, èèyàn lè má fura. Bí méjèèjì bá wọ ìtàkùn kan náà, ó lè jẹ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tó yẹ kéèyàn wà. Kò sóògùn rẹ̀. Kòkòrò kejì yẹn á ti tẹnu bọ ewé, á ti kó àrùn sí i, kí apakòkòrò tó pa á. Kéèyàn fà á tu kó jó o ló kù. Ta ló fẹ́ ta ìyẹn fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà?

Ṣùgbọ́n ìyẹn ò dùn mí tó ti arábìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tó fún mi ní ìtàkùn. Ọ̀fẹ́ ni o, ó tún fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e dáadáa. Mo lọ wo ebè tiẹ̀: ewé tín-ín-rín kan náà! Mo bi í. Ó ní, "Ha, tèmi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́ o." Tipẹ́! O rí i, o ń gé e, o ń pín in kiri bí ẹni ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù níbi òkú àgbà! Ibi tí ìtàkùn bá lọ, àrùn bá a lọ nìyẹn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ náà á tún hù pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹ má tíì dá sí i, ọ̀rọ̀ kù. Kí n tó mọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo ti gé ìdì mẹ́ta nínú èyí tí ara rẹ̀ ṣì dá díẹ̀ fún àna mi ní Ìfọ̀. Alẹ́ àná ni wọ́n pè: "Àna mi, ẹ ṣeun o. Àmọ́ ìtàkùn yín yìí ò fẹ́ nà, ewé ẹ̀ sì tín-ín-rín. Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

Mo ní n ò gbọ́ wọn dáadáa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.