Ẹ má pe iṣẹ́ James Hong ní sùúrù

Ìgbàkígbà tí orúkọ James Hong, òṣèré fíìmù ọmọ Amẹ́ríkà, bá tún gbòde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn èèyàn máa ń kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀: ẹ wo èrè sùúrù! Ẹni ọdún 93 ni bàbá yìí kí wọ́n tó tẹ́ ìràwọ̀ tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń bọlá fún àwọn òṣèré, sí ojú títì ní Hollywood. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni fíìmù Everything Everywhere All at Once, tó kópa nínú rẹ̀, gba Oscar méje. Mo mọ̀ pé inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èrò ọkàn mi ni pé ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn ń bo àwọn tó tilẹ̀kùn mọ́ ọn láṣìírí, kò sì jẹ́ ká wo iṣẹ́ ọwọ́ tí ọkùnrin náà ti mọ̀ ọ́n ṣe láti 1955.

Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ni wọ́n bí i sí ní February 22, 1929. Ọmọ Ṣáínà tó ṣí wá láti ìhà Hong Kong ni àwọn òbí rẹ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1882 ti dínà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ láti Ṣáínà, ẹni tó sì ti wọlé nínú wọn kò lè di ọmọ onílẹ̀. Ọdún 1943 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà, èèyàn 105 péré ni wọ́n sì gbà láyè kó máa wọlé lọ́dún kan. Ìyẹn ni pé ọmọ onílẹ̀ ni James látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, àwọn tó bí i kò sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń ka àwọn tó ń bínú pé kí ló dé tí kì í kọ ipa ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n bá gbé fún un.

Iṣẹ́ ẹnjiníà ọ̀nà àti afárá ló kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota, ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun Kòríà, ó sì parí ẹ̀kọ́ náà ní Yunifásítì Southern California (USC) ní Los Angeles lọ́dún 1953. Iṣẹ́ ọ̀nà ló ń ṣe ní Los Angeles, àmọ́ ó ti mọ èèyàn sín jẹ gan-an. Ní 1954 ó lọ sórí ètò tẹlifíṣọ̀n apanilẹ́rìn-ín Groucho Marx, You Bet Your Life, ó sín Groucho jẹ níṣojú Groucho fúnra rẹ̀, lẹ́tà àwọn òǹwòran sì rọ́ wọlé. Ní 1955 ó ti wà nínú Soldier of Fortune pẹ̀lú Clark Gable. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ ọ̀nà sílẹ̀ pátápátá.

Irú ìlú wo ló wọ̀? Ní 1937, wọ́n ṣe The Good Earth, fíìmù nípa àgbẹ̀ ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n sì fi òyìnbó méjì, Paul Muni àti Luise Rainer, ṣe ọkọ àti ìyàwó. Oscar ni Rainer gbà fún un. Anna May Wong, tí wọ́n bí ní Los Angeles níbẹ̀, tó sì ti ń ṣe fíìmù láti ìgbà tí fíìmù kò tíì lóhùn, kò rí ipa ìyàwó náà gbà. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1957, James Hong ń ṣe ọmọ Charlie Chan lórí tẹlifíṣọ̀n. Ta ló ṣe Charlie Chan, ọlọ́pàá ọmọ Ṣáínà náà? J. Carrol Naish, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ẹ̀yà Irish. Ọmọ Ṣáínà gidi ló ń pe òyìnbó ní bàbá, òyìnbó náà ló sì ń gba owó olú ẹ̀dá ìtàn.

Ohun tó kù fún irú Hong ni alásè, alágbàfọ̀, amí, ọmọ ogun ọ̀tá, ọmọ ọ̀dọ̀ nílé olówó. Iṣẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí, torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sùúrù kò mọ bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe le tó.

Ẹni tó ń ṣe olú ẹ̀dá ìtàn máa ń wà níbi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó ti mọ olùdarí, ó ti mọ àwọn oníkámẹ́rà, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Òṣèré ipa kékeré á dé láàárọ̀, kò ní mọ ẹnikẹ́ni, ojú ewé méjì mẹ́ta tó jẹ́ ti ìran tirẹ̀ nìkan ni wọ́n sì lè ti fún un. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á fi tépù lẹ àmì sílẹ̀ níbi tí yóò dúró sí, torí bó bá fi díẹ̀ kọjá àmì yẹn, ojú rẹ̀ á bọ́ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, kámẹ́rà kò sì ní rí i dáadáa. Wọ́n á kọ́kọ́ ya gbogbo ìran náà látòkèèrè, lẹ́yìn náà wọ́n á yà á láti èjìká ẹnì kìíní, láti èjìká ẹnì kejì, wọ́n á wá sún mọ́ ojú. Gbólóhùn kan ṣoṣo lè di àsọtúnsọ lọ́nà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé orí ọ̀rọ̀ kẹta ló gbé ife nígbà àkọ́kọ́, orí ọ̀rọ̀ kẹta náà ló gbọ́dọ̀ ti gbé e nígbà gbogbo. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń gé fíìmù pọ̀ kò ní lè so àwọn àwòrán náà mọ́ra, ojú ẹni tó ṣàṣìṣe ni wọ́n á sì yọ dànù.

Àṣìṣe méjì ló máa ń pa ipa kékeré. Àkọ́kọ́ ni kí òṣèré náà fẹ́ fi ìṣẹ́jú méjì yẹn jẹ́ kí gbogbo ayé mọ òun. Á ṣe é ní àṣejù, ìran á dàrú mọ́ olú ẹ̀dá ìtàn lọ́wọ́, wọ́n á sì gé e kúrò. Èkejì ni kó dúró bí àga. Ohun tí Hong ń ṣe dáadáa ju ọ̀pọ̀ lọ ni pé ẹni tó ń ṣe máa ń ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí olú ẹ̀dá ìtàn tó wọlé dé. Nínú Blade Runner, ní 1982, òun ni Chew, ẹni tó ń ṣe ojú fún àwọn èèyàn àtọwọ́dá. Ojú tó ń ṣe ló gbájú mọ́ nígbà tí Rutger Hauer àti Brion James wọlé tọ̀ ọ́, a sì rí i pé wọ́n dí i lọ́wọ́ ni kí ẹ̀rù tó bà á. Inú yàrá tó tutù bíi yìnyín gidi ni wọ́n ti ya ìran yẹn. Wọ́n so rọ́bà sára ẹ̀wù tó ń mú un gbóná, bí Brion James sì ṣe ń fa rọ́bà yẹn tu, ìbẹ̀rù Chew ń yí padà díẹ̀díẹ̀: ó kọ́kọ́ jẹ́ ìbínú oníṣẹ́ ọwọ́, ó di ìyàlẹ́nu, lẹ́yìn náà ló wá di òtútù tó ń wọnú eegun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá wo fíìmù náà kò sì ní gbàgbé Chew.

Ẹ wo ti Seinfeld, ètò ẹ̀rín orí tẹlifíṣọ̀n, tó jáde ní May 23, 1991, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Chinese Restaurant. Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbi tí èèyàn mẹ́ta ti ń dúró de tábìlì. Hong ni ẹni tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti béèrè, ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: ohùn kan náà ló fi ń sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò bínú, kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ìwé orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń tọ́jú. Ká ní ó fi ojú sọ fún òǹwòran pé òun náà mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ì bá ti kú ní ìgbà kejì. Orí ohùn tí kò yí padà yẹn ni gbogbo ètò náà dúró lé, èmi ò sì rò pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún ọdún kan tàbí méjì lè di irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀.

Nínú Chinatown, ní 1974, òun ni Kahn, ọmọ ọ̀dọ̀ nílé Evelyn Mulwray, tí Faye Dunaway ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ ìdúró rẹ̀ fi hàn pé ó mọ àṣírí ilé náà ju Jack Nicholson tó ń wá àṣírí kiri lọ. Ní 1990, wọ́n tún pè é padà fún ipa Kahn kan náà nínú The Two Jakes. Wọn kì í sábà rántí ọmọ ọ̀dọ̀ inú fíìmù lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún.

Lo Pan ni àwọn èèyàn fẹ́ràn jù, nínú Big Trouble in Little China tí John Carpenter darí ní 1986. Ẹnì kan ni, ara méjì ló ní: arúgbó hẹ́gẹhẹ̀gẹ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, àti oṣó gíga tó kun ojú funfun. Iṣẹ́ wákàtí púpọ̀ ni kí wọ́n fi rọ́bà sọ ojú èèyàn di ojú arúgbó. Ìṣòro rọ́bà ni pé ó ń pa ìyípadà kékeré ojú. Bí òṣèré bá ń fa ìpéǹpéjú díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, kò sí nǹkan kan tó máa hàn síta. Òógùn tún máa ń tú gọ́ọ̀mù létí ẹnu. Nítorí náà, ohùn àti ẹyinjú ló gbọ́dọ̀ ru ẹrù náà. Hong fún arúgbó yẹn ní ohùn tín-ín-rín tó ń ráhùn bí ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ pẹ́, ó sì fún oṣó ní ìdákẹ́jẹ́ àti ìdúró ṣánṣán. Fíìmù náà kò rówó wọlé ní sinimá. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló gbé e dé ilé àwọn èèyàn, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń pe Lo Pan sí i lójú pópó.

Ohùn tún jẹ́ apá kan iṣẹ́ rẹ̀ tí wọn kì í sọ tó. Nígbà tí wọ́n gbé Godzilla láti Japan wá sí Amẹ́ríkà ní 1956, òun wà lára àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì sí i lẹ́nu. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe kíka ìwé lásán: ètè ẹlòmíì ló ń ṣí tó ń pa lójú fíìmù, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó sì parí pẹ̀lú ètè yẹn, kí ìtumọ̀ má sì bàjẹ́. Ti fíìmù àwòrán yàtọ̀. Ohùn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà, kí àwọn ayàwòrán tó wá ya ẹnu tẹ̀ lé e, òṣèré sì sábà máa ń dá nìkan dúró níwájú gbohùngbohùn láìsí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Chi-Fu nínú Mulan ní 1998, àti Mr. Ping, ẹyẹ tó ń ta núdù, tó sì tọ́ pańdà bí ọmọ, nínú Kung Fu Panda mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti 2008 títí di 2024. Gbohùngbohùn kì í béèrè ọjọ́ orí.

Iye tí wọ́n sábà máa ń kà fún un ni pé ó ti lé ní 600 fíìmù àti ètò tẹlifíṣọ̀n. Àwọn kan ń sọ ọ́ bíi pé ìfẹ́ òkìkí ló fà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèré Amẹ́ríkà ṣe ní 1960 ni wọ́n tó gbà láti máa san owó fún òṣèré bí fíìmù sinimá bá tún jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn fún fíìmù tí wọ́n ṣe láti ọdún yẹn lọ. Àwọn fíìmù Hong ti 1955 kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí tẹlifíṣọ̀n gbé wọn jáde tó. Aṣojú òṣèré ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń gba owó ọjọ́ kan, tí kò mọ ìgbà tí iṣẹ́ mìíràn máa dé, kò lè fi iṣẹ́ mẹ́wàá lọ́dún gbọ́ bùkátà bí olú ẹ̀dá ìtàn ṣe ń fi ẹyọ kan gbọ́ ọ.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ sùúrù ni pé ó pa 1965 rẹ́. Ọdún yẹn ni Hong, Mako àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mélòó kan dá East West Players sílẹ̀ ní Los Angeles, ilé eré orí ìtàgé fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Éṣíà wá. Rashomon ni eré àkọ́kọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: ẹni tí wọ́n ń fún ní ipa alágbàfọ̀ lójoojúmọ́ kò lè kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe ọba, olólùfẹ́ tàbí apànìyàn tó ń ronú, nítorí inú iṣẹ́ gan-an la ti ń kọ́ ọ. Wọ́n dá ibi tí wọ́n ti lè kọ́ ọ sílẹ̀ fúnra wọn. Ilé eré náà ṣì wà ní Los Angeles títí dòní, ní àdúgbò Little Tokyo. Ẹni tó ń jókòó dúró de àánú kì í dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ìràwọ̀ ojú títì náà kì í ṣe ẹ̀bùn tó já bọ́ látọ̀run. Owó ni wọ́n ń san fún un, $55,000 nígbà náà, ilé iṣẹ́ fíìmù tó fẹ́ polówó òṣèré rẹ̀ ló sì sábà máa ń san án. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó san ti Hong. Daniel Dae Kim, òṣèré bíi tirẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó jọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2020, owó náà sì pé láàárín ọjọ́ díẹ̀. May 10, 2022 ni wọ́n ṣí ìràwọ̀ náà. Nígbà tí Hong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Everything Everywhere All at Once gba àmì ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ òṣèré ní February 2023, ó ti pé 94, ó bọ́ sórí ìtàgé, ó sì rán wọn létí The Good Earth àti àwọn òyìnbó tí wọ́n fi tépù fa ojú wọn. Kò dúpẹ́ pé wọ́n rántí òun lẹ́yìn ọ̀rẹyìn. Ohun tí wọ́n ṣe ló sọ fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wo iṣẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí fíìmù tó gba Oscar. Ẹ kọ́kọ́ wo Chinatown, kí ẹ pa ohùn rẹ̀ ní ìran ẹnu ọ̀nà ilé Mulwray, kí ẹ máa wo ọwọ́ àti ọrùn Kahn nìkan. Ẹ wo Chew lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá wo Lo Pan lórí kẹ̀kẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ṣí Everything Everywhere All at Once, kí ẹ wo Gong Gong lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, bàbá tí kò lágbára nínú ayé kan, tó sì jẹ́ ọ̀gágun líle nínú ayé mìíràn. Ara méjì nínú ẹnì kan náà ni. Ọdún 36 ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ó sì ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ìgbà àkọ́kọ́.